Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Lórí Fáìlì

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú Àánúolúwapọ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá wọ́n ti fi irọ́ gba òun náà là rí. Irọ́ ni wọ́n fi gba Àánú là. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Abọ́sẹ̀dé, ló pa irọ́ náà, ìfẹ́ ló sì mú un pa á. Èyí tó ń bí mi nínú ni pé nínú gbogbo àwọn tí irọ́ náà ṣe láǹfààní, àwọn ọmọ-ìyá méjì yìí nìkan ni ìyà rẹ̀ jẹ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wọn, ṣùgbọ́n Múṣín ni wọ́n bí wọn sí. Ìyá wọn kú nígbà tí Àánú ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà náà ni Abọ́sẹ̀dé ti di ìyá. Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Tejúoṣó, aṣọ iléèwé àwọn ọmọdé ló sì ń rán jù. Nígbà tí Christopher, ọmọ Iléṣà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn onímọ́tò ní Jíbówú, fẹ́ ẹ lọ sí Sùúrùlérè, Àánú di ẹrù tirẹ̀ mọ́ ẹrù ìyàwó. Christopher ò ráhùn. Ẹni tó bá fẹ́ Abọ́sẹ̀dé mọ̀ pé ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún tí Àánú ń jókòó de ìdánwò àṣewọlé ló lóyún fún Quadri, ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Bí Quadri ṣe gbọ́ báyìí, ó pa nọ́ńbà rẹ̀ dà. Àánú ò sọ fún ẹnì kankan. Ó ra oògùn ní kẹ́míìsì, ó gbé e mì, nígbà tí Abọ́sẹ̀dé sì fi máa ti ọjà dé, ẹ̀jẹ̀ ti kún ilẹ̀ balùwẹ̀.

Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù, tí n ò ní dárúkọ torí n ò wá ẹjọ́, kì í fọwọ́ kan ẹni tí kò bá tíì sanwó ìwọlé. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Christopher ń ṣe inṣọ́ránsì ìlera fún un níbẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan. Inṣọ́ránsì náà ò kan àbúrò ìyàwó. Abọ́sẹ̀dé wo ọmọ tí ó gbé lé èjìká, tí ojú rẹ̀ ti ń yí, ó na káàdì tirẹ̀ sí akọ̀wé ẹnu ọ̀nà. Ó tẹ ẹnu mọ́ Àánú létí: “Abọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ. Bí wọ́n bá bi ẹ́, Abọ́sẹ̀dé ni kí o jẹ́.”

Ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Mélòó nínú wa ni kò tíì yá ẹnìkan ní káàdì rí? Ọmọ àbúrò á lọ jẹ́ orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n, wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́, ara á yá, wọ́n á sì dá káàdì padà sínú àpótí. Ìṣọ̀kan ẹbí là ń pè é. Kò sí ẹni tó ń rántí pé àwọn kan wà lẹ́yìn tábìlì tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n fọ inú Àánú, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó yè. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kọ ohun tó rí: abilékọ, ó lo oògùn láti fi ṣẹ́ oyún, oyún náà ò jáde tán. Inú fáìlì Abọ́sẹ̀dé ló kọ ọ́ sí. Wọ́n dá fáìlì náà padà sórí pẹpẹ, ó sì jókòó síbẹ̀.

Bóyá ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí Àánú yan iṣẹ́ tó yàn, bóyá òun kọ́. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera. Àwọn ará àdúgbò ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé nọ́ọ̀sì ni? Rárá. Ṣé àwọn tó ń po oògùn ni? Rárá. Àbí àwọn tó máa ń ní kí èèyàn dúró, àwọn ń wá káàdì rẹ̀? Àánú á rẹ́rìn-ín, á ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Kò ráyè máa ṣàlàyé pé àìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, pé láti ìparí nọ́ńbà ni wọ́n ti ń to fáìlì sórí pẹpẹ kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, pé àwọn ló ń sọ fún ìjọba iye ọmọ tí ibà pa lọ́dún kan. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an ni. Abọ́sẹ̀dé ló ń san owó iléèwé, láti orí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ohun tí àwọn olùkọ́ wọn fi máa ń dá wọn lágara jù ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe. A kì í ya ojú ìwé kúrò nínú fáìlì. A kì í kùn ún ní funfun. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni kí o fà lé e, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣì lè kà á, kí o wá kọ òtítọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o kọ orúkọ rẹ, kí o fọwọ́ sí i. Fáìlì kan, ẹnì kan. Àánú máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bíi ti àwọn yòókù, ojú á sì máa tì í láàárín ara rẹ̀.

Nígbà tó di ọdún tó kẹ́yìn, wọ́n pín wọn sí àwọn ilé ìwòsàn láti lọ kọ́ṣẹ́ lójú ẹ̀. Ẹ sì mọ bí ayé ṣe rí, ibi tí èèyàn ò fẹ́ dé náà ni wọ́n máa rán an lọ. Ilé ìwòsàn ọjọ́sí ni wọ́n rán Àánú. Ọ̀gá yàrá fáìlì níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé, fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níṣẹ́, kì í ṣi fáìlì tò. Ìgbà náà ni wọ́n ń kó àwọn fáìlì àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá ti kan pẹpẹ tí ti Abọ́sẹ̀dé wà, Àánú á ní òun ń lọ mu omi. Ẹlòmíì ló tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ó lè sọ ọ́ nígbà náà. Mo mọ̀, òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò kan ṣoṣo ló kù, èyí tí wọ́n fi ń gba láísẹ́ǹsì, ó ní kí òun ṣáà kọ́kọ́ jáde ná. Ẹ̀rù bà á, kò sí orúkọ mìíràn tí n ó pè é.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Abọ́sẹ̀dé ò tíì bímọ. Ìyá Christopher, tí gbogbo ilé ń pè ní Mọ́mì, kó ẹrù wá láti Iléṣà. Wọ́n ní àwọn wá kí ọmọ àwọn, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ. Wọ́n á máa wo ikùn ìyàwó ilé bí ẹni ń wo ìkòkò tí kò tètè hó. Dókítà ní kí tọkọtaya náà lọ ṣe àyẹ̀wò. Abọ́sẹ̀dé ṣe gbogbo tirẹ̀. Christopher ní òun máa ṣe tòun, lọ́la, lọ́tùn-únla, kò lọ.

Lọ́jọ́ tí dókítà ní kí àwọn méjèèjì wá gbọ́ èsì, Mọ́mì wọ bàtà. Ta ló fẹ́ sọ pé kí wọ́n jókòó sílé? Dókítà bi Abọ́sẹ̀dé bóyá kí ìyá dúró síta. Abọ́sẹ̀dé wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní ìyá àwọn ni, kò séwu. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ò lè sọ ohun mìíràn. Dókítà bá yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ní: “Mádàámù, mo rí i níbí pé ẹ lo oògùn ṣẹ́ oyún kan lọ́jọ́sí, wọ́n sì fọ inú yín. Ṣé ara yín ò fún yín ní wàhálà lẹ́yìn ìgbà náà?”

Abọ́sẹ̀dé wo Christopher. Christopher wo ilẹ̀.

Mọ́mì dìde, wọ́n tú ìró wọn, wọ́n tún un ró. “Ọmọ ọmọ mi,” ni wọ́n sọ. “Ọmọ ọmọ mi lo fi oògùn pa, o wá ń bá mi gbààwẹ̀ lórí ohun tó o fọwọ́ ara rẹ dà nù.” Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún bi Christopher nípa àyẹ̀wò tirẹ̀ mọ́.

Wọn ò fi ọwọ́ tì í síta. Mọ́mì kàn kó aṣọ rẹ̀ kúrò nínú yàrá, wọ́n tò ó sí pálọ̀, lójú àlejò. Christopher ní kí ó jẹ́ kí inú Mọ́mì rọ̀ ná. Abọ́sẹ̀dé ò dúró de ìyẹn. Ó gba yàrá kan ní Múṣín, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síbẹ̀, Àánú sì tún di ẹrù tirẹ̀ mọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n dé ibẹ̀ ni Abọ́sẹ̀dé ti kìlọ̀ fún un. “Pa ẹnu rẹ mọ́. Ìdánwò kan ló kù fún ẹ. Bí o bá la ẹnu, wọ́n á lé ẹ.”

“Àǹtí mi, èmi ni mo ṣẹ́ ẹ.”

“Mo mọ ẹni tó ṣẹ́ ẹ. Èmi ni mo fọ ilẹ̀ balùwẹ̀.”

Àánú pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń to fáìlì, ó ń bọ̀. Kò jẹun dáadáa mọ́, oorun sì ń ṣe é lójú iṣẹ́. Mọ́mì ò pa ẹnu tiwọn mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí oṣù tó yí, ọ̀rọ̀ ti dé Tejúoṣó. Oníbàárà kan wá gba aṣọ iléèwé ọmọ rẹ̀ tí wọn ò tíì gé. Ó ní kí Abọ́sẹ̀dé má bínú, òun ò fẹ́ kí ọwọ́ tó ṣẹ́ oyún kan aṣọ ọmọ òun. Àánú wà níbẹ̀. Ó rí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ká aṣọ náà ní mẹ́rin, tó fi sínú ọ̀rá, tó ní ẹ ṣé mà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ pé Mọ́mì ti mú ọmọbìnrin kan wá láti Iléṣà, Moyọ̀sọ́lá, pé kí ó wá máa bá Christopher se oúnjẹ. Gbogbo wa la mọ oúnjẹ tí wọ́n ń wí.

Ìyẹn ló sú Àánú. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó lọ sí pẹpẹ tó ti ń sá fún, ó mú fáìlì náà fúnra rẹ̀, ó gbé e síwájú Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé. Ó ní: “Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹni tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní ojú ìwé yìí kọ́ ló ni fáìlì. Èmi ni.” Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé ti ilẹ̀kùn. “Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ ṣá? Bí o bá kọ ọ́ sílẹ̀, ó di dandan kí n fi tó iléèwé yín létí. Ẹni tó jẹ́ orúkọ ẹlòmíì gba ìtọ́jú, ṣé òun ni wọ́n máa fún ní láísẹ́ǹsì kó máa ṣọ́ fáìlì àwọn èèyàn? Wọn ò ní jẹ́ kí o jókòó ìdánwò yẹn láéláé.” Ó wo ojú rẹ̀ títí. “Mo lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lọ sílé, lọ sùn.”

Ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀ fún un.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni Àánú wí, “ẹ yá mi ní bírò.”

Ó fa ìlà kan ṣoṣo, tín-ín-rín. Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ni fáìlì yìí ni wọ́n tọ́jú, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ pátá, ó fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ tó mọ́ jù tí ó ṣe láti ìgbà tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn, òun náà ló sì lé e jáde níbẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, iléèwé ti pè é sí Yábàá, wọ́n ti gba káàdì ọrùn rẹ̀. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ á jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Akọ̀wé obìnrin tó gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀ sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kó má fi owó ọkọ̀ ṣòfò wá gbọ́ èsì.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n inú Àánú ń dùn. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Láti Yábàá sí Jíbówú ò jìnnà, ó fi ẹsẹ̀ rìn ín. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń ro bí Christopher ṣe máa fi ọwọ́ lé orí, bó ṣe máa sáré lọ sí Múṣín lọ bẹ ìyàwó rẹ̀, bí Mọ́mì ṣe máa tọrọ àforíjì. Kò sí ohun tí òun pàdánù tí ìyẹn ò ní dí.

Christopher wà lẹ́yìn gíláàsì, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń lọ sí Benin. Nígbà tó rí Àánú, ó fi ẹlòmíì sí àyè rẹ̀, ó mú un lọ sẹ́yìn níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Àánú ò dúró kí ó kí òun tán.

“Bọ̀dá mi, èmi ni mo ṣẹ́ oyún yẹn. Àǹtí mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Orúkọ wọn ni mo jẹ́ níbẹ̀. Mo ti tún un kọ sínú fáìlì, mo ti fọwọ́ sí i.”

Ó ń wo ojú ọkùnrin náà, ó ń retí kí ẹnu yà á. Ẹnu ò yà á.

“Mo mọ̀,” ni Christopher sọ.

“Kí lẹ mọ̀?”

“Àánú, inṣọ́ránsì tèmi ni. Èmi ni wọ́n pè lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní ìyàwó mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo sáré débẹ̀, ìwọ ni mo bá, o ò tíì jí. Ẹ̀gbọ́n rẹ bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí o mọ̀ pé mo wá, kí ojú má baà máa tì ẹ́ nínú ilé. N ò sì jẹ́ kí o mọ̀.”

Ohun tó dára ló ṣe nígbà náà. N ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ wá jókòó síwájú dókítà, ẹ ò sọ̀rọ̀?”

“Kí n sọ kí ni? Pé a lu inṣọ́ránsì ilé iṣẹ́ mi ní jìbìtì? Wọ́n á lé mi níbí.”

“Mọ́mì kì í ṣe ilé iṣẹ́ yín, sà. Ẹ lè sọ fún wọn nílé.”

Christopher wo àwọn alábàárù tó ń gbé àpò sínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tó máa fèsì, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Mọ́mì ti gba eléyìí. Bí mo bá ní eléyìí kọ́, wọ́n á ní kí ló wá dé tí kò sọ́mọ? Dókítà á tún ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò yẹn.” Ó nu ojú rẹ̀. “Ọkùnrin ni mí. O ò lè mọ̀ ọ́n.”

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní ẹ ò wo ìsàlẹ̀, òkè lẹ̀ ń wò. Àánú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin yìí ò fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe òun, ó wá jẹ́ kí wọ́n fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí bo ìyàwó rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wu Àánú kó gbá a létí. Ó kórìíra rẹ̀, ó sì rántí pé ilé rẹ̀ lòun ti jẹun gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó dágbére fún un pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ilé, bó ti máa ń ṣe, ó bá tirẹ̀ lọ.

Abọ́sẹ̀dé wà nídìí iṣẹ́ nígbà tí ó wọlé sí yàrá Múṣín. Ó gbé ojú sókè, ó rí i pé kò sí káàdì lọ́rùn Àánú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró lórí ẹ̀rọ. Àánú sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ti bírò, ti Yábàá, ti Jíbówú.

“Bọ̀dá Christopher mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, Àǹtí mi. Ó mọ̀, ó sì dákẹ́.”

“Mo mọ̀ pé ó mọ̀.” Abọ́sẹ̀dé ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. “Ta lo rò pé ó ṣàlàyé fún un? Kí lo rò pé mo fi dákẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń to aṣọ mi síta? Bí mo bá ní èmi kọ́, wọ́n á ní ta ni. Ìwọ ni wọ́n máa wá débẹ̀, nínú yàrá fáìlì yẹn. Mo wò ó pé ọkọ ti lọ, ilé ti lọ, mo ní kò burú, ọ̀kan nínú wa á ṣáà jáde. Gbogbo èébú yẹn, Àánú, ìwọ ni mo fi rà. O wá gbé e lọ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.”

“Mo rò pé ẹ máa lè padà sílé.”

“Ọ̀dọ̀ ta ni?”

Àánú kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín àwọn àjákù aṣọ. Ní gbogbo ayé rẹ̀, bó bá ti kúnlẹ̀ báyìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó ní kí ó dìde. Ó dúró de ọ̀rọ̀ náà. Abọ́sẹ̀dé fa òwú wọ ojú abẹ́rẹ́, ó tẹ aṣọ ọmọ ọlọ́mọ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ń rán iṣẹ́ rẹ̀ lọ.